Ẹ Má Yọ Àmì Ohùn Kúrò Lábẹ́ Nóòtì

Láàárín àwa tí à ń kọ orin Yorùbá sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán bọ̀rọ̀. Ṣé kí a fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ orin tó wà lábẹ́ nóòtì ni, àbí kí a fi í sílẹ̀ lásán? Àwọn tó ní kí a fi í sílẹ̀ kò ṣàdédé sọ ọ́. Wọ́n ní orin ti ní ohùn tirẹ̀. Bí nóòtì bá ti ní kí akọrin gòkè, kí ni àmì òkè tún fẹ́ sọ fún un? Wọ́n ní àmì ń dí ojú ìwé, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, àti pé nínú àwọn ìwé orin ìjọ tí a bá nílé, ọ̀pọ̀ ni kò ní àmì ohùn nínú, a sì ń kọ wọ́n láti ìran dé ìran.

Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Èmi ni mo ń tẹ orin fún ẹgbẹ́ akọrin tiwa n'Íbàdàn, apá tó kan ọ̀rọ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ojú mi ti rí nídìí rẹ̀ ló jẹ́ kí n máa sọ pé kò síbi tí àmì ohùn ti wúlò tó abẹ́ nóòtì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti orin ti ń dúró lójúkojú, ẹni tó bá mọ̀wé kà yóò sì rí i bí wọ́n bá ń bára wọn jà.

Fún ẹni tí kò ṣe é rí, báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ nóòtì orin, ni mò ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Werner Schweer ní ilẹ̀ Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà. Pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbi tó jẹ́ pé owó àpò ara rẹ̀ ni adarí akọrin fi ń ra bébà. A ó kọ́kọ́ to nóòtì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mú nóòtì àkọ́kọ́, a ó tẹ Ctrl àti L pọ̀, atọ́ka yóò sì lọ dúró sábẹ́ nóòtì náà. A ó tẹ sílébù kan, a ó tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, atọ́ka á sún sábẹ́ nóòtì tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì parí, ìlà kékeré ti àárín ọ̀rọ̀ la ó tẹ dípò àyè. Bí sílébù kan bá gba nóòtì méjì tàbí mẹ́ta, ìlà ilẹ̀ la ó tẹ, ètò náà yóò sì fa ìlà kan láti ẹ̀yìn sílébù yẹn títí dé ibi tí ohùn parí sí. Enter ló ń gbé wa lọ sí ẹsẹ kejì, lábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ó tán. Ọmọ tó mọ fóònù lò dáadáa yóò kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Ohun tí kò ṣeé kọ́ ní ọ̀sán kan ni mímọ ibi tí sílébù Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, torí òun ni ètò náà ń bi wá léèrè lábẹ́ gbogbo nóòtì.

Òfin rẹ̀ kò le. Oríṣi sílébù mẹ́ta péré la ní: fáwẹ́lì tó dá dúró, kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e, àti n tàbí m tó dá ohùn tirẹ̀ ní. Kọ́ńsónáǹtì kan kì í parí sílébù, gb sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, sílébù mẹ́ta ni àárọ̀, à-á-rọ̀. Mẹ́ta ni oòrùn, o-ò-rùn. Mẹ́ta ni òótọ́, ò-ó-tọ́. Ẹni tó bá ka fáwẹ́lì méjì tó tẹ̀ léra wọn sí ẹyọ kan yóò fi nóòtì kan dù wá, ìlù yóò sì ṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ kan.

N ni ìjàngbọ̀n wà nínú rẹ̀. Nínú gbangba, ńṣe ló kàn ń mú kí fáwẹ́lì gba imú jáde: gban-gba, nóòtì méjì. Nínú Báńkẹ́, ó dá dúró: Bá-ń-kẹ́, nóòtì mẹ́ta. Bí a bá kọ ọ́ ní Banke láìní àmì, kí ni yóò sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kò dà bíi ti gbangba? Mo ti gba ìwé orin tí wọ́n ti gé Adéńrelé sí A-den-re-le, sílébù mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé márùn-ún ni àwọn òbí ọmọ náà ń pè: A-dé-ń-re-lé. Akọrin tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò kọ sílébù karùn-ún náà dandan, yóò sì máa wá ibi tí yóò kó o sí. Àmì kékeré orí ń yẹn ì bá ti parí ẹjọ́. Ìdí àkọ́kọ́ rèé tí n kì í fi yọ àmì: ṣáájú kí ó tó sọ ohun kan nípa gíga ohùn, ó ti sọ iye nóòtì tí ọ̀rọ̀ ń béèrè.

Àwọn ètò kan wà tó lè gé ọ̀rọ̀ sí sílébù fúnra wọn. Sibelius lè kó ọ̀rọ̀ orin láti inú fáìlì, kí ó gé e gẹ́gẹ́ bí òfin èdè tí a bá mú fún un, kí ó sì tò ó sábẹ́ nóòtì. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Faransé wà níbẹ̀, Látìnì pàápàá wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí, bẹ́ẹ̀ òfin tiwa ló rọrùn jù láti kọ́ kọ̀ǹpútà nínú gbogbo wọn, bí ọ̀rọ̀ bá ti ní àmì lórí. Ó ń dùn mí. Ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà kọ, tó sì gbọ́ èdè, lè ṣe é láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé orin kan wá tí ó ṣe fún ìsọmọlórúkọ. Òwe àwọn àgbà ló mú: Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Inú bébà ló kọ ọ́ sí ní sol-fa, ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ láìní àmì kankan. Orin náà dùn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ bà sórí nóòtì tó ga jù lọ, níbi tí sopránò ti lè na ohùn kí ilé kún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. I, ìlà kékeré, lé, àyè, là, àyè, ń, àyè, wò. Bí mo ṣe fi àmì ìsàlẹ̀ sí wò tán, tí mo gbójú sókè, nóòtì tó ga jù nínú gbogbo gbólóhùn ló wà lórí rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́, òkè téńté lókè. Ohun tí ẹnu yóò kọ níbẹ̀ ni pé ilé là ń wó. Níwájú òbí tó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, níwájú ẹbí tó péjọ, ẹgbẹ́ akọrin yóò dìde dúró, wọn yóò sì fi gbogbo agbára kọ ọ́ pé ilé la fẹ́ wó ká tó sọ ọmọ lórúkọ.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà sídìí kọ̀ǹpútà. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn nawọ́ sí ibẹ̀. Ó wò ó, ó kọ ọ́ sínú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ṣe orin kì í gbọ́ àṣìpè inú orin rẹ̀, torí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó ní lọ́kàn kí ó tó lanu. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tí kò mọ ohun tó ń bọ̀, ló ń gbọ́ ohun tí ẹnu sọ gan-an. Àmì ohùn ló jẹ́ kí ojú ṣe ohun tí etí rẹ̀ kò lè ṣe.

Ohun tí a fi tún un ṣe jẹ́ ohun tí gbogbo wa ti kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá ló kọ́ wa pé àmì ìsàlẹ̀ ni dò, àárín tí a kì í fi àmì sí ni re, òkè ni mí. Ilé là ń wò: re mí dò mí dò. Ká tó sọmọ lórúkọ: mí mí re re mí mí re. Èyí kò túmọ̀ sí pé nóòtì mẹ́ta péré ni orin gbọ́dọ̀ ní. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, orin kan ṣoṣo ni gbogbo wa ì bá máa kọ. Ìhà tí ohùn ń lọ ni etí ń ṣọ́: níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí orin má sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti sọ̀, kí orin má fò sókè. Bí yóò ṣe gòkè tó, ìgbésẹ̀ kan ni o, mẹ́rin ni o, ọwọ́ ẹni tó ṣe orin ló wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fẹ́ kí òkè rẹ̀ sọnù, èmi náà kò fẹ́ kí ó sọnù. A gbé e kúrò lórí wò, a gbé e sórí lé. Ń tó ṣáájú wò náà ga, ṣùgbọ́n a fún un ní nóòtì kúkúrú, torí ó ṣòro láti na ń lókè kí ó sì dún. Inú imú ló ń gbé. Wò wá gba nóòtì méjì, ọ̀kan níwọ̀n gíga, èkejì nísàlẹ̀ pátápátá, ohùn sì ń yọ́ láti orí èkíní bọ́ sórí èkejì. Mo tẹ wò, mo tẹ ìlà ilẹ̀, ètò náà fa ìlà dé ìsàlẹ̀. Bí a ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tó bá tẹ́tí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹnu ń ṣe: ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ti òkè kì í jábọ́ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló ń yọ́ wálẹ̀. Orin tó bá fún un ní nóòtì méjì kò fi kún ọ̀rọ̀, ó kàn kọ ohun tí ẹnu ń ṣe sílẹ̀ ni.

Nínú orin yìí kan náà, kí a tó ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ sínú bébà, sílébù mẹ́ta, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọ ọ́ lẹ́nu, ká tó ni. Ká tó ni mo tẹ̀. Àwọn ìwé orin àtijọ́ máa ń fi àmì kan sí ibi tí fáwẹ́lì ti jẹ, bíi k'a, t'o, l'ọkan. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n èmi ń so wọ́n pọ̀: ká, tó, lọ́kàn, bí a ṣe ń kọ Yorùbá báyìí. Àmì wà nínú MuseScore àti LilyPond, ètò ìkọ nóòtì mìíràn, láti fi so fáwẹ́lì méjì mọ́ nóòtì kan ṣoṣo. N kì í sábà nílò rẹ̀. Nínú Yorùbá, bí fáwẹ́lì méjì bá pàdé nínú orin, ọ̀kan sábà máa ń jẹ èkejì tán ni; èyí tó bá kù lẹ́nu la ó tẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé a ti ń kọ orin láìní àmì láti ọjọ́ pípẹ́ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú orin yẹn ni a túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sórí orin àwọn ará Yúróòpù. Orin ti wà kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a, èdè tí gíga ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ò ṣe ní í ṣìnà níbẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀. Ní Abẹ́òkúta, Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ìbílẹ̀ ṣe orin ìjọ, ó sì kọ díẹ̀ nínú wọn sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní Èkó, T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù, tó sì ń darí orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1953 ni ìwé kékeré tó kọ lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin Yorùbá ṣe jẹ́ ọ̀kan jáde. Etí, dùùrù àti pẹ́ńsù ló fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa tí a ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti nóòtì sójú kan náà kò ní àwáwí.

Bọ́tìnnì Enter tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni mo wá ń ṣọ́ra fún jù. Ó rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ kìíní ti tán, o tẹ Enter, o to ẹsẹ kejì sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta sábẹ́ ìyẹn, ojú ìwé kan ti gba gbogbo orin. Bí a ṣe ń tẹ híìmù nìyẹn, kò sì burú fún híìmù. Ṣùgbọ́n nínú orin tiwa, ègbè ni kì í yí padà. Lílé ń yí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ti yí, orin rẹ̀ náà á yí díẹ̀, torí ẹni tó ń lé orin kò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣìpè lẹ́nu òun. Ẹ lọ gbọ́ obìnrin tó ń lé orin níbi ìnáwó. Kì í kọ ẹsẹ méjì lọ́nà kan náà.

Nítorí náà, mo máa ń kọ lílé ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà nóòtì ẹsẹ kìíní, mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo àmì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n lè sún nóòtì tó bá ta kò ó. Ègbè nìkan ni mo ń jẹ́ kó dúró lójú kan. Bébà tó ń jẹ pọ̀ sí i, mi ò sẹ́.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, báàsì ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Orin ìsọmọlórúkọ yìí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i títí, wọ́n ní, "Kí ló dé tó gùn báyìí? Ṣebí orin kan náà ni gbogbo ẹsẹ."

Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Ẹ bá mi kọ lílé ẹsẹ kejì sórí ti ẹsẹ kìíní."

Ẹsẹ kìíní ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu." Dò mí re re, re mí re re. Ẹsẹ kejì ní, "Ará ilé, ẹ kú ìnáwó." Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ará, ó bọ́ sí i, wọ́n dé ilé, orin kò jẹ́ kí lé gòkè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n dúró. Wọ́n tún un kọ, wọ́n bọ́ sí ìnáwó, sílébù kan ṣẹ́ kù tí kò rí nóòtì gbé. Wọ́n ní, "Rárá o. Ilé kọ́ ni mo pè yẹn." Wọ́n ṣí ojú ìwé kejì fúnra wọn, wọ́n wo ohun tí mo kọ síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ já. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun pé kí wọ́n máa ka àmì.

Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ibi tó kù tí ọ̀rọ̀ ti ń le. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ sopránò àti áltò sórí ìlà márùn-ún kan, ténọ̀ àti báàsì sórí èkejì, kí ọ̀rọ̀ wà láàárín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yẹn, sopránò ló ń bá lọ. Báàsì lè máa lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ nóòtì tirẹ̀. Èmi ń fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì sábẹ́ gbogbo wọn. Kò ṣeé ṣe kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá àmì mu délẹ̀; bí gbogbo wọn bá ń gòkè pọ̀, tí wọ́n ń sọ̀ pọ̀, ìdùnnú ìparapọ̀ ohùn yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ ibi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ rúbọ. Bí mo bá rí i pé báàsì ń ba òwe jẹ́, mo lè ní kí wọ́n kùn dípò kí wọ́n pe ọ̀rọ̀, tàbí kí gbogbo wa kọ gbólóhùn yẹn ní ohùn kan, kí a pín padà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti délé.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé títẹ àmì jẹ́ ohun tó rọrùn. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà oríṣiríṣi èdè mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń kó àmì lé lẹ́tà lórí, ohun méjì tó dà bí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí Backspace fi máa ń mú àmì lọ kí ó tó mú lẹ́tà. Ìdí nìyẹn náà tí fọ́ńtì kan fi máa ń gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Charis SIL àti Gentium kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ṣe wọ́n fún irú èdè tiwa. Nínú MuseScore, inú Style ni kí ẹ ti yí fọ́ńtì padà fún gbogbo ọ̀rọ̀ orin lẹ́ẹ̀kan, ní Lyrics odd lines àti Lyrics even lines. Ẹni tó bá yí ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ yóò rí i pé ẹsẹ kejì kò jọ ti àkọ́kọ́. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti fi kún àyè tó wà láàárín ìlà ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Àyè tí wọ́n fún wa kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn: àmì orí ẹ́ tó wà ní ẹsẹ kejì yóò lọ kan ẹsẹ̀ ọ tó wà ní ẹsẹ kìíní, ojú ò sì ní í mọ èyí tí wọ́n ni ín.

Èmi kì í tẹ ọ̀rọ̀ tààrà sábẹ́ nóòtì bí orin bá gùn. Inú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni mo ti máa ń kọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àmì, pẹ̀lú ìlà kékeré láàárín sílébù. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, àwọn ará YorubaName náà ṣe ọ̀fẹ́ kan síta. Mo máa ń kà á sókè, mo máa ń tún un ṣe, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí mo sì ń tẹ Ctrl àti V lábẹ́ nóòtì; bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni sílébù ń bọ́ sí àyè rẹ̀, ìkan tẹ̀ lé ìkan. Bí nóòtì bá tán kí ọ̀rọ̀ tó tán, mo mọ̀ pé sílébù kan ti ṣìnà níbì kan, inú fáìlì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì ti ń wá a.

Bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé, PDF ni kí ẹ fún wọn. Ilé ìtẹ̀wé kan gba fáìlì MuseScore lọ́wọ́ wa, kọ̀ǹpútà wọn kò ní fọ́ńtì tí a lò, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àpótí kéékèèké ló kún abẹ́ nóòtì níbi tí àmì yẹ kó wà, ìyẹn sì ti di odindi ìdì ìwé kí a tó rí i. Inú PDF, fọ́ńtì ń bá ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ mí lógún báyìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé iṣẹ́ MakeMusic kéde pé àwọn kò ní í ṣe Finale mọ́, ètò ìkọ nóòtì tó ti wà láti ọdún 1988. Ẹni tó bá ní orin Yorùbá nínú Finale gbọ́dọ̀ gbé e jáde kí kọ̀ǹpútà tó ń ṣí i tó kú. MusicXML, irú fáìlì tí ètò orin mìíràn lè ṣí, ni ọ̀nà rẹ̀. Ó ń gbé sílébù kọ̀ọ̀kan lọ, ó sì ń rántí bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, àárín ni, òpin ni, tàbí odindi ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀dà 2012 ni Unicode tó wọ Finale. Kí ó tó dìgbà yẹn, fọ́ńtì àkànṣe la fi ń ṣe é: ojú ń rí ẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn ni kọ̀ǹpútà kọ sínú. Bí a bá gbé irú rẹ̀ jáde, fọ́ńtì yẹn kò ní í bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di wúruwùru. Kò sí àtúnṣe fún un ju kí a tún ọ̀rọ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a bá sì ti ń tún un tẹ̀, kí a tẹ àmì sí i. Ẹ ṣí àwọn fáìlì yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gbé nóòtì jáde, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì lásán, kí ẹ sì mú un tọ ẹni tó ṣe orin náà lọ bó bá ṣì wà láyé, kí ó kà á sétí yín kí ẹ máa fi àmì sí i. Bí kò bá sí mọ́, ẹ wá ẹni tó bá a kọ ọ́ nígbà náà.